Irin Tó Ta Sí Ajórin Lójú

Láti ìgbà tí ajórin ti wọ ilé ìwòsàn, ìdí rẹ̀ ò gbélẹ̀. Á jókòó, á dìde, á tún lọ yọjú sí ẹnu ọ̀nà yàrá àwòrán, àfi bí adìyẹ tó ń wá ibi tí yóò yé sí.

"Ẹ jókòó jàre, bàbá wọn," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Òòyì ti ń kọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ tó gbé wọn wá kì í ṣe kékeré. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ní ó ṣeé ṣe kí jẹjẹrẹ wà ní pirositéètì rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré tó wà nísàlẹ̀ àpòòtọ̀ ọkùnrin. Dókítà fẹ́ fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lára ẹran ibẹ̀ lọ yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán, kí abẹ́rẹ́ lè mọ ibi tó ń lọ. Ilé iṣẹ́ adójútòfò ní ó tì o: àfi tí abẹ́rẹ́ bá ti wọlé tí kò rí nǹkan kan làwọn tó lè sanwó àwòrán. Ẹ gbọ́ ná, ta ní ń gbẹ́ kànga tán kó tó béèrè ibi tí omi wà? Ìyàwó ajórin ló bá wọn fà á lórí fóònù títí ohùn rẹ̀ fi há. Nígbà tí wọ́n máa gbà, wọ́n ní àṣẹ àwọn kò kọjá òní.

Omidan tó ń tọ́jú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń ya àwòrán pè wọ́n wọlé. Ó ní òòfà ńlá ló wà nínú ẹ̀rọ, irin kì í jókòó jẹ́ẹ́ níwájú rẹ̀.

"Bàbá, irin ti ta sí yín lójú rí?"

"Rárá," ni ajórin wí wéré.

Irọ́ ni. Ó ta sí i lójú ní ṣọ́ọ̀bù lọ́dún tí wọ́n ṣègbéyàwó; ìyàwó rẹ̀ ló fi etí gèlè yọ èyí tó rí. Bóyá ó kù, bóyá kò kù, Ọlọ́run ló mọ̀. Ajórin ṣẹ́jú sí ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà wolẹ̀. Ajórin bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó tẹ̀ lé omidan náà.

"Ẹ dúró!" Ìyàwó rẹ̀ ti sáré lọ dí ẹnu ọ̀nà. "Ó ti ta sí wọn lójú rí! Èmi ni mo yọ ọ́!"

Omidan náà ti ilẹ̀kùn pa. Ó ní bí irin bá ṣẹ́ kù síbẹ̀, òòfà lè fà á, kó fọ́ ojú; àfi kí wọ́n kọ́kọ́ ya àwòrán ojú. Wọ́n pe adójútòfò. Àwọn yẹn ní ojú kì í ṣe pirositéètì, kí wọ́n lọ kọ ìwé tuntun.

Inú bí ajórin. "Ìwọ tó o jà fún un, ìwọ náà lo tún bà á jẹ́! Ṣé kí wọ́n wá máa gún mi bí ẹni ń táràrà nínú òkùnkùn ni?"

"Bí wọ́n bá yà á tán tí ẹ ò rí mi mọ́, kí ni n ó fi ṣe?" Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. "Mo kọ́kọ́ dákẹ́. Mo fẹ́ jẹ́ kí ẹ wọlé. Ìyẹn ló ń dùn mí."

Ojú ti ajórin. Ó gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, ó pe adójútòfò fúnra rẹ̀, ohun tí kò ṣe rí látọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," ó wí. "Ọkọ obìnrin tó máa ń yọ yín lẹ́nu ni mí. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Èmi ló kàn."