Ìwé Àṣẹ Ọkọ̀ Aago Mẹ́jọ

"Kà á sókè. Kì í ṣe pé mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ìwọ náà mọ̀ ọ́n kà ni."

Ìyá Télọ̀ ló ń bá Tíṣà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, nínú yàrá ìránṣọ rẹ̀, láàárín àjákù aṣọ àti ẹ̀rọ ìránṣọ kan tó ti gbó ju ọ̀pọ̀ oníbàárà rẹ̀ lọ. Bébà kan tó ti pọ́n bí ewé gbígbẹ wà lórí tábìlì. Tíṣà wọ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó tún wọ̀ ọ́. Nígbà tó máa kà á, ohùn rẹ̀ ò ju ti ẹni tó ń gbàdúrà sórí oúnjẹ lọ.

"'Mo pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò aago mẹ́jọ pé kí ó gbéra láìgba ọ̀pá. Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọrùn èmi Ọ̀gá Ibùdó ni kí ó wà.' Ó sì fọwọ́ sí i, Màmá."

"Ọkọ mi ló ní kó fọwọ́ sí i."

Rélùwéè kékeré àgbègbè náà, ojú irin kan ṣoṣo ló ní. Ó ya ọ̀nà mẹ́ta lóòótọ́, ọ̀kan sí ibi ìfọ́ òkúta, ọ̀kan sí ilé ìlagi, ọ̀kan sí etí odò, ṣùgbọ́n irin kan náà ni ọkọ̀ tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀ jọ ń gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe òfin kan tó yé òmùgọ̀ pàápàá. Láàárín ibùdó kan sí èkejì, ọ̀pá idẹ kan ṣoṣo ló wà, dẹ́rẹ́bà tí ọ̀pá náà ò bá sí lọ́wọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbéra. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní ọdún méjìlélógójì sẹ́yìn, ọ̀pá wà ní ibùdó òdìkejì, lọ́wọ́ dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ tó ń kó òkúta bọ̀. Ṣùgbọ́n ọlọ́lá kan láti ìgbìmọ̀ àgbègbè wà nínú ọkọ̀ èrò, ó ń wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní ìpàdé ń dúró de òun. Ọ̀gá Ibùdó, ọkùnrin tí ẹ̀yìn rẹ̀ kì í nà tán bí ọlọ́lá bá wà nítòsí, ní kí Dẹ́rẹ́bà máa lọ. Dẹ́rẹ́bà ní òun ò lọ. Ọ̀gá ní kó yan èyí tó bá wù ú, kó lọ tàbí kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Dẹ́rẹ́bà wá ní àfi kó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó kọ ọ́. Dẹ́rẹ́bà na ìwé náà sí ìyàwó rẹ̀ tó gbé oúnjẹ wá fún un, ó ní, "Bá mi fi pa mọ́." Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógún lọ tí ọkọ̀ méjèèjì fi forí sọra. Èèyàn mọ́kànlá ló kú, Dẹ́rẹ́bà sì wà lára wọn. Ọlọ́lá ńkọ́? Ẹ̀yìn pátápátá ló jókòó sí, ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn délé.

Òkú kì í rojọ́. Àwọn olùwádìí ní dẹ́rẹ́bà ló ṣorí kunkun tó gbéra láìgba àṣẹ. Ìyá Télọ̀ gbé ìwé rẹ̀ lọ bá wọn, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ní kó jókòó síta, kí ni obìnrin mọ̀ nípa ẹ̀rọ? Ó jókòó síta fún odidi ọjọ́ mẹ́ta. Láti ìgbà náà ló ti di ìyàwó apààyàn lẹ́nu àwọn tó ń ránṣọ lọ́dọ̀ rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo sì di ọmọ apààyàn. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún méjìdínlógún, ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, ó ní ọjọ́ tí wọ́n bá kọ òtítọ́ sílẹ̀ lòun máa tó tún fẹsẹ̀ tẹ àgbègbè náà. Gbogbo ọjọ́ Àìkú ló ń pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá ń gbọ́ ohùn, kò rí ojú, ó sì dùn ún wọ egungun. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Ó jọ pé òtítọ́ ti àgbègbè yìí wọ ọkọ̀ rélùwéè wọn ni, èyí tó ń rìn gbẹ̀rẹ̀gbẹ̀rẹ̀ débi pé èrò á bọ́ sílẹ̀ lọ tọ̀, á tún bá a níwájú.

Ní báyìí, ìgbìmọ̀ àgbègbè fẹ́ tẹ ìtàn rélùwéè náà jáde níwèé. Ọmọ Ọ̀gá Ibùdó ló jẹ́ alága wọn. Nígbà tí wọ́n hú àwọn irin ojú ọ̀nà, òpó géètì ilé rẹ̀ ni wọ́n fi wọ́n ṣe, òun náà ló wá ń sunkún káàkiri pé ogún àwọn bàbá wa ń parun. Tíṣà ni alága yìí gbé iṣẹ́ kíkọ ìwé náà fún. Tíṣà yìí àti ọmọ Ìyá Télọ̀ ló jọ jókòó lórí bẹ́ńṣì kan náà nílé ìwé.

"O mọ ìdí tí ọmọ mi fi lọ," ni Ìyá Télọ̀ wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Màmá."

"Ṣé o máa kọ ọ́?"

Tíṣà fi fóònù ya àwòrán bébà náà lẹ́ẹ̀mẹta. "Màá fi í sínú ìwé, Màmá. Mo ṣèlérí."

Lọ́jọ́ Àìkú, Ìyá Télọ̀ ròyìn fún ọmọ rẹ̀. Ọmọ náà ní, "Bí wọ́n bá kọ ọ́, mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an."

Lọ́jọ́ ìkójáde ìwé, gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún. Àwọn ẹni ńlá jókòó sórí àga onítìmùtìmù níwájú, àwọn tó kù há sórí àga oníke. Wọ́n pín ìwé kiri. Ìyá Télọ̀ ṣí i títí ó fi dé ibi tó ń wá. Àkọlé ibẹ̀ ni Ìjàǹbá Ńlá Náà. "Dẹ́rẹ́bà kan tó ṣorí kunkun, tó gbéra láìgba àṣẹ, ló fà á." Lójú ìwé tó kọjú sí i, wọ́n tẹ àwòrán bébà rẹ̀ gbàgàdà, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ ló hàn. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí pé: "Ẹ wo bí ọwọ́ ìkọ̀wé àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ayé àtijọ́ ti dára tó!"

Ó dìde lọ bá Tíṣà níbi tó fara ti ògiri.

"Kí lèyí?"

"Màmá, ẹ rọra. Mo fi í sí i, àbí mi ò fi í sí i? Bí mo bá kọ ọ́ gbangba, Alága ò ní jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó bá lójú á rí i."

"Ìwọ tó o rí i ńkọ́, kí lo fi ojú tìrẹ ṣe?"

Ọmọ ìyá ojo ni Tíṣà, ó sì ti kàwé tó láti pe ojo ní ọgbọ́n.

Lórí pèpéle, Alága ti na ìwé sókè. "Ẹ wo lẹ́tà bàbá mi! Ta ló tún ń kọ ọ́ báyìí lónìí?"

Ìyá Télọ̀ rìn lọ síwájú, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. "Alága, ọwọ́ bàbá yín mà dára o. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa kà á."

Inú Alága dùn. Ó ti wo ìwé yẹn lọ́pọ̀ ìgbà, kò kà á rí. Ó súnmọ́ ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Mo pàṣẹ fún dẹ́rẹ́bà ọkọ̀ èrò aago mẹ́jọ pé kí ó gbéra láìgba..." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "...láìgba ọ̀pá."

"Ó kù díẹ̀," ni Ìyá Télọ̀ wí.

"Bí ohunkóhun bá ṣẹlẹ̀, ọrùn èmi Ọ̀gá Ibùdó ni kí ó wà."

Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè àtijọ́ méjì wojú ara wọn, wọ́n sì wo ilẹ̀. Ìyá Télọ̀ rò pé òtítọ́ ti dé nìyẹn.

Atọ́kùn ètò já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà. "Ẹ̀yin èèyàn, ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ olórí! Ọ̀gá tó ń gba ẹrù ọmọọṣẹ́ rẹ̀ sọ́rùn ara rẹ̀! Irú wọn dà lónìí? Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àwọn ti iwájú tiẹ̀ dìde dúró pàtẹ́wọ́ tiwọn. Alága nu ojú rẹ̀, ó tẹríba fún wọn. Tíṣà náà ń pàtẹ́wọ́ lẹ́bàá ògiri.

Ilẹ̀ ò tíì ṣú tí fóònù fi dún.

"Màámi, mo ti di ẹrù o. Ṣé wọ́n fi í sínú ìwé?"

"Wọ́n fi í sí i."

"Ṣé èèyàn kà á?"

"Alága fúnra rẹ̀ ló kà á, létí gbogbo ayé."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n pàtẹ́wọ́," ni ìyá rẹ̀ wí. "Tú ẹrù rẹ, ọmọ mi."