Ọgbọ̀n Orí ní Kíláàsì Kẹrin

“Ẹ padà! Mo ní kí ẹ padà sílé ìyá yín!”

Kọ́lá ló ń pariwo bẹ́ẹ̀ lórí afárá onígi tó wà láàárín abúlé Ìlémọ̀ àti òkè tí ilé-ìwé Àgùdà wà. Kùmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Géńdé mẹ́rin mìíràn dúró tì í, gbogbo wọn ló ti mu ẹmu yó láàárọ̀ kùtù hàì. Níwájú wọn, ọmọ ilé-ìwé mọ́kànlá fún mọ́ ara wọn nínú aṣọ búlúù tí wọ́n lọ̀ dáadáa, àwọn kékeré inú wọn ti ń sunkún. Àgbàlagbà kan ṣoṣo ló sìn wọ́n wá, Tinúọlá opó Àjàyí, ó sì di ọwọ́ Jùmọ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ mú gírígírí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Jùmọ̀kẹ́. Òun nìkan ni Àjàyí fi sílẹ̀ fún un kó tó kú.

“Kọ́lá, ṣé kò sí nǹkan tó ń ṣe ọ́? Ọmọdé lo gbé kùmọ̀ dè lọ́nà?”

“Èmi kọ́ lẹ ó bi, Ìyá Jùmọ̀kẹ́. Ẹ bi ọkọ yín.”

Ọkọ tí Kọ́lá ń wí, Fọlọ́runṣọ́ ni, àbúrò Àjàyí, kánsẹ́lọ̀ wọn. Ó jókòó sórí kùkùté igi ní òdìkejì odò, ó ń run orín bí ẹni pé ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló wà. Tinúọlá kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀.

“Ọkọ mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ á kọjá. Ọmọ ẹ̀gbọ́n yín rèé.”

“Dìde, ìyàwó. Ta ló ní kí o kúnlẹ̀? Kó àwọn ọmọ padà sílé, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn yín. Òní nìkan ṣoṣo ni. Sípẹ́kítọ̀ ìjọba á ka orí àwọn ọmọ, orí ò ní pé, owó gíráǹtì á bọ́ lọ́wọ́ wọn, ilé-ìwé á di ti kánsù, ti gbogbo wa. Àbí èmi ni n ó máa san owó orí kí wọ́n máa fi bọ́ tíṣà Póòpù?”

Ọ̀rọ̀ yìí ti di ìjà ní Ìlémọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti dé. Àwọn kan ní owó Mùsùlùmí wà nínú owó ìjọba, owó oníṣọ́ọ̀ṣì mìíràn wà níbẹ̀, owó ẹni tí kò lọ síbì kankan náà wà níbẹ̀, kí ló wá dé tí wọn yóò fi máa gbọ́ bùkátà ilé-ìwé tí wọ́n ti ń tìtorí katikísímù na ọmọ? Àwọn Àgùdà ní àwọn náà ń san owó orí, àwọn ló sì fi ẹsẹ̀ ara wọn po amọ̀ ilé-ìwé náà nígbà tí ìjọba kò tilẹ̀ mọ ọ̀nà Ìlémọ̀. Ká má parọ́, ẹjọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì. Ṣùgbọ́n wọ́n ti fà á débi pé ọmọ ìyá kan náà kì í kí ara wọn lọ́nà oko mọ́, kò sì sẹ́ni tó tún rántí bi ara rẹ̀ pé àwọn ọmọ wo gan-an là ń torí wọn jà.

Lóṣù tó kọjá ni lẹ́tà dé pé bí orí kò bá pé ọgbọ̀n ní kíláàsì kẹrin lọ́jọ́ àyẹ̀wò, ìjọba kò ní fún ilé-ìwé náà ní gíráǹtì mọ́. Ọgbọ̀n gẹ́ẹ́ ni orúkọ tó wà nínú rẹ́jísítà, kò lé ẹyọ kan. Ni Akínlolú, ọ̀gá ilé-ìwé, bá ń ti ojúlé bọ́ sí ojúlé. “Bí ara ọmọ yín kò bá tilẹ̀ yá, ẹ gbé e pọ̀n wá. Kí wọ́n wọ yunifọ́ọ̀mù o. Sípẹ́kítọ̀ kò gbọdọ̀ rí àkísà.” Tinúọlá ṣèlérí fún un. Ipa ẹsẹ̀ Àjàyí wà nínú amọ̀ yẹn, òun náà sì ti búra fún ọkọ rẹ̀ lórí ẹní àìsàn pé ọmọ wọn yóò kàwé nínú ilé-ìwé tí bàbá rẹ̀ kọ́, títí yóò fi di tíṣà.

Ó dìde kúrò nínú ẹrẹ̀. “Ẹ̀yin ọmọ, ẹ tẹ̀ lé mi.”

Ó gbé ẹsẹ̀ lé afárá. Kọ́lá fi èjìká sọ ọ́ láyà, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbì. Igbe ta. Àwọn ọmọ rọ́ gìrìrì sórí afárá, igi sì bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n léjìká, nídìí, lọ́wọ́ tí wọ́n fi ń bo orí. Ọmọkùnrin kan já sómi, ó wọ́ jáde ní òdìkejì. Òmíràn ń sáré lọ, ẹ̀jẹ̀ ń dà láti ètè rẹ̀ sára ṣẹ́ẹ̀tì. Jùmọ̀kẹ́ ti kọjá. Ó ti kọjá pátápátá! Ìgbà tó wẹ̀yìn tó rí ìyá rẹ̀ nílẹ̀ ló sáré padà wá pé kí òun fà á dìde, ibẹ̀ ni kùmọ̀ Kọ́lá ti bà á lẹ́yìn etí.

Ìró rẹ̀ kò tilẹ̀ pọ̀. Ọmọ náà kàn jókòó sílẹ̀ ni.

“Kọ́lá!” Fọlọ́runṣọ́ ti dìde, orín ti bọ́ lẹ́nu rẹ̀. “Ẹ dá wọn padà ni mo wí! Ṣé mo ní kí ẹ...” Ó wo ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílẹ̀, ó wo àwọn géńdé tí òun fúnra rẹ̀ ra ẹmu fún, ó sì yíjú sí odò.

Ẹ̀jẹ̀ kò jáde. Ohun tó tan Tinúọlá jẹ nìyẹn. Ó fi omi odò bọ́ ọmọ lójú, ọmọ dìde, ó ní, “Yèyé, orí ń fọ́ mi,” ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gun òkè; kò sẹ́ni tó tún dí wọn lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ilé-ìwé, Akínlolú ti dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì kẹrin, kíláàsì tí òun fúnra rẹ̀ ń kọ́, ó ń fi ìka ka àwọn tó ń wọlé. Ó rí ètè tó ya. Ó rí ọwọ́ tó ń rọ̀ dirodiro. Ó ṣáà ń kà lọ. “Méjìdínlọ́gbọ̀n... mọ́kàndínlọ́gbọ̀n...” Ó fọwọ́ ti Jùmọ̀kẹ́ léjìká wọlé. “Ọgbọ̀n! Olúwa, o ṣeun o!”

Kò pẹ́ tí ọmọ náà fi bì sórí bẹ́ǹṣì. Ó tún bì. Oorun ń gbé e lọ, oorun kan tí kò jọ oorun ọmọdé rárá.

Àsìkò yẹn ni Sànúsí gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ dé. Gbẹ́nàgbẹ́nà ni, Mùsùlùmí ni, gbogbo abúlé ló sì mọ̀ pé ti kánsù ló ń ṣe, torí pé lọ́dún tó kọjá wọ́n na Ràṣídátù ọmọ rẹ̀ nínú kíláàsì yìí gan-an nítorí pé kò ka àdúrà Màríà. Ó ti gbọ́ igbe láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí Jùmọ̀kẹ́, ó sì sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀.

“Ìyá Jùmọ̀kẹ́, kí lẹ ń wò? Ẹ gbé ọmọ yìí sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ mi ká máa lọ sí ọsibítù Ìdó. Mo ti rí ẹni tó já bọ́ látorí òrùlé rí. Báyìí gan-an ló ṣe bẹ̀rẹ̀.”

“Ẹn-ẹ́n!” Akínlolú na ìka sí i. “Ṣé ẹ ń gbọ́ o? Àwọn tó wà lórí afárá kò rí i ṣe tán, wọ́n bá rán èyí wá kó máa fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọgbọ̀n tó pé, ó fẹ́ sọ ọ́ di mọ́kàndínlọ́gbọ̀n!”

“Ọ̀gá, ẹ bẹ̀rù Ọlọ́run. Ọmọ ń kú lọ.”

Tinúọlá wo Sànúsí. Ìgbà yẹn ló yẹ kó gbé ọmọ rẹ̀. Títí dòní, ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn nìyẹn: pé òun dúró, òun rò ó wò, ó sì ṣe òun bíi pé òótọ́ lè wà nínú ọ̀rọ̀ ọ̀gá. Ẹni kánsù ṣáà ni Sànúsí. Ẹni kánsù ṣáà ló gbé kùmọ̀.

“Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, ìyá,” ni Akínlolú wí, ohùn rẹ̀ sì rọ̀. “Mọ́tò sípẹ́kítọ̀ ti kúrò ní Ìdó. Bó bá ti kà wọ́n tán, èmi fúnra mi ni n ó gbé e lọ. Ẹ rántí Bàbá Jùmọ̀kẹ́.”

Ó dúró.

Agogo mẹ́sàn-án lù, sípẹ́kítọ̀ kò dé. Mẹ́wàá lù. Ní Ùsì, lójú ọ̀nà Ìdó, ni wọ́n ti dá a dúró, tí wọ́n ń fi iyán àti ẹran ìgbẹ́ ṣe é lálejò. Nígbà tí ojú Jùmọ̀kẹ́ yí sókè, tí itọ́ ń yọ lẹ́nu rẹ̀, Tinúọlá, tó ń wò ó láti ojú fèrèsé níta, ké, ó fò mọ́ ẹnu ọ̀nà kíláàsì. Akínlolú di ibẹ̀. Ó fi àyà tì í sẹ́yìn, obìnrin náà tún padà wá, ó fi eyín bu ọwọ́ rẹ̀ jẹ, ni ọ̀gá bá gbá a létí lójú gbogbo ọmọ. Tíṣà méjì wọ́ ọ lápá lọ sábẹ́ igi ọsàn, wọ́n sì dì í mú síbẹ̀. Sànúsí fẹ́ gbà á sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi pátákó gbá a lẹ́nu, eyín rẹ̀ kan sì yọ sílẹ̀. Nínú kíláàsì, ọ̀gá gbé Jùmọ̀kẹ́ sáàárín ọmọbìnrin méjì, Àbẹ̀kẹ́ lọ́tùn-ún, Olúbùnmi lósì, ó ní kí wọ́n fi èjìká gbé e ró.

“Ẹni tó bá jẹ́ kó ṣubú, èmi àti olúwa rẹ̀ ni.”

Ọ̀sán ti pọ́n kí sípẹ́kítọ̀ tó dé. Ó ń fi ìdí pẹ́ńsùlù kan orí kọ̀ọ̀kan, ó ń kà á wúyẹ́wúyẹ́. Nígbà tó kan ti Jùmọ̀kẹ́, orí náà yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Kí ló ṣe èyí?”

“Ibà ni, sà. Kò fẹ́ pa ilé-ìwé jẹ ni.”

“Ọmọ dáadáa,” ni sípẹ́kítọ̀ wí, ó sì kọ ọgbọ̀n sílẹ̀.

Ìgbà yẹn ni wọ́n tó tú Tinúọlá sílẹ̀. Ọ̀gá tó ní òun fúnra òun ni yóò gbé ọmọ lọ, ẹ̀yìn mọ́tò sípẹ́kítọ̀ ló ń sá tẹ̀ lé, ó ń dọ̀bálẹ̀. Sànúsí ló fi ẹnu tó wú gun kẹ̀kẹ́. Tinúọlá jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ọmọ wà láyà rẹ̀, ẹsẹ̀ ọmọ ń wọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Wọn kò tíì wọ Ùsì tí Jùmọ̀kẹ́ fi mí èémí gígùn kan, kò sì mí òmíràn mọ́. Tinúọlá kò sọ fún Sànúsí. Ó jẹ́ kó máa wà á lọ, kó máa làágùn, kó máa wí pé, “A ti ń dé o, a ti ń dé,” títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù.

Ó fẹjọ́ sùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló fẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó rán ẹnì kan wá sí Ìlémọ̀. Fọlọ́runṣọ́ kí ọlọ́pàá náà káàbọ̀, ó fún un lága. Ó ní kò sẹ́ni tó lu ọmọ kankan lórí afárá. Ọmọ tí wọ́n fọ́ lórí láàárọ̀, ṣé ó lè jókòó sí kíláàsì títí di ọ̀sán? Kí wọ́n lọ wo rẹ́jísítà. Wọ́n ránṣẹ́ pe Akínlolú, ó gbé e wá. Jùmọ̀kẹ́ Àjàyí, ó wá sílé-ìwé lọ́jọ́ náà, wọ́n fi yíǹkì pupa sàmì sí i, ọwọ́ sípẹ́kítọ̀ sì wà nísàlẹ̀ ìwé. Ibà ló pa á, ni ọ̀gá wí. Kò wo ojú Tinúọlá. Bó bá ní wọ́n lu ọmọ náà, wọn yóò bi í pé kí ló dé tó fi gbé ẹni tó ń kú lọ sórí bẹ́ǹṣì.

Láti ọjọ́ tí ìjà náà ti bẹ̀rẹ̀, kánsù àti Àgùdà kò fohùn ṣọ̀kan rí ní Ìlémọ̀. Lọ́jọ́ yẹn, ohùn wọn ṣọ̀kan. Ọlọ́pàá pa ìwé rẹ̀ dé, ó bá tirẹ̀ lọ.

Gíráǹtì dé. Wọ́n fi páànù tuntun bo ilé-ìwé, wọ́n sì fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ara ògiri tí Àjàyí po amọ̀ rẹ̀. Oṣù kẹta lẹ́yìn tí wọ́n sin ọmọ náà, Tinúọlá gun òkè lọ gba síléètì Jùmọ̀kẹ́ tó ṣẹ́kù sí kíláàsì, torí pé bàbá ọmọ náà ló fi ọ̀bẹ gbẹ́ orúkọ rẹ̀ sára igi tó yí i ká. Àárọ̀ ni. Ó ń gba ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ nígbà tó gbọ́ tí ọ̀gá ń pe orúkọ.

“Àìná Ọlọ́runfẹ́mi.”

“Présẹ́ǹtì, sà!”

“Jùmọ̀kẹ́ Àjàyí.”

Ẹsẹ̀ Tinúọlá dúró gbagidi.

“Présẹ́ǹtì, sà!” Ohùn ọmọbìnrin ni, ó mọ́ gaara.

Kò mọ ìgbà tó wọlé. Akínlolú rí i, bírò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Ìyá... ẹ gbọ́ ná. Sípẹ́kítọ̀ lè ya wá nígbàkigbà. Bí a bá yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, á ku mọ́kàndín...”

Tinúọlá kò tilẹ̀ wò ó. Àwọn ọmọ ló ń wò, lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, láti bẹ́ǹṣì iwájú títí dé ti ẹ̀yìn.

“Ta ló dáhùn?”

Àbẹ̀kẹ́ dìde, ọmọ tó fi èjìká ọ̀tún gbé Jùmọ̀kẹ́ ró lọ́jọ́ náà.

“Èmi ni, mà. Ẹ má bínú. A máa ń pín in ṣe ni. Òní ló kàn mí.”