Akọni Tó Ń Dúró De Ìbànújẹ́

"Ìwọ obìnrin yìí, pa ẹnu ẹ mọ́, àwọn èèyàn ń wo fíìmù!"

Àga tí mo jókòó lé ló ń jágbe mọ́ mi bẹ́ẹ̀ nínú àlá tí mo lá lóru àná. Mo ní kó má bínú, pé nílé tiwa, bí a bá ń wo fíìmù, a máa ń kìlọ̀ fún akọni ni. Ta ló máa dákẹ́ kí ọ̀tá máa yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ?

Ilé sinimá la wà, fíìmù tí Ọ̀gbẹ́ni Láṣẹ̀bíkan ṣe nìkan la sì ti ń wò láti àárọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé òmíràn. Ẹ ṣáà mọ irú wọn: òkùnkùn biribiri, òjò, ṣọ́ọ̀ṣì gogoro tí agogo rẹ̀ ń dá ró, àti akọni kan tó wọ aṣọ dúdú bí ìyẹ́ adán, tó ń fajúro lórí òrùlé. Gbogbo wa la mọ ìwà ọ̀gá náà. Nínú fíìmù rẹ̀ kọ̀ọ̀kan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ já bọ́ látòkè kó sì kú, kí akọni lè rí nǹkan banújẹ́ sí. Akọni kì í tètè dé láéláé.

Ni mo bá rí Ìbídùn, àbúrò mi, tó ní òun fẹ́ lọ tọ̀. Inú fíìmù ló wà. Ó ń rọ̀ dirodiro lára agogo ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń wò mí.

Ọ́fíìsì Láṣẹ̀bíkan ń léfòó lókè orí wa, mo di wáyà iná mú, mo gun un débẹ̀. Mo kí i dáadáa, mo ní kó jọ̀ọ́ yọ àbúrò mi kúrò.

"Bí kò bá kú, màdáámù, kí ni akọni mi á máa fajúro sí?"

Mo ní kí akọni wá háyà yàrá lọ́dọ̀ onílé tiwa, láàárín ọ̀sẹ̀ kan ojú rẹ̀ á ro kanlẹ̀. Láṣẹ̀bíkan ronú sí i. Bó ṣe ń ronú ni irùngbọ̀n ń hù, ìwo yọ, ó di òbúkọ. Kò yà mí lẹ́nu, ọ̀gá ọ́fíìsì ṣáà ni. Àmọ́ ó bẹ̀rẹ̀ sí jẹ fíìmù náà, bó sì ṣe ń jẹ ẹ́ ni ìparí ń sún mọ́lé.

Mo bẹ́ sínú fíìmù. Akọni jókòó sórí òrùlé, ó káwọ́ lérí. Mo ní àbúrò mi ń já bọ́. Ó ní òun rí i, òun ń dúró ni, torí bí òun bá tètè dé, ta ló máa mọ̀ pé òun jìyà?

Ọwọ́ Ìbídùn ń yọ̀ lára agogo. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹ ṣì ń ṣàlàyé fún un ni?"

N kò ṣàlàyé mọ́. Mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí òrùlé yẹn, mo kó ẹsẹ̀ méjèèjì lé akọni lẹ́yìn, mo sì fi gbogbo agbára tì í, kó lè fò lọ gbé e.

Mo lajú. Ilẹ̀ ti mọ́. Lórí bẹ́ẹ̀dì tí èmi àti Ìbídùn jọ ń sùn, ẹsẹ̀ mi méjèèjì wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ti dé etí bẹ́ẹ̀dì pátápátá, aṣọ ìbora dúdú wé mọ́ ọn léjìká. Mo nawọ́ kí n dì í mú.

Gbì.