Àlá Tí Wòlíì Ọdúnjọ Ń Nà

Ọdún mẹ́fà ni mo fi ṣe akọ̀wé ìran fún Wòlíì Ọdúnjọ, nínú ìjọ aláṣọ funfun tó wà létí òkun Ẹlẹ́kọ. Tí ẹ̀mí bá gbé ẹnikẹ́ni, ohun tó bá sọ ni mò ń kọ. Mo ń kọ àlá pẹ̀lú, torí òfin Wòlíì ni pé àlá tí ọmọ ìjọ bá lá, ti ìjọ ni. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ náà. Èmi òmùgọ̀, mo máa ń ṣe bí ẹni pé áńgẹ́lì ló gbà mí síṣẹ́.

Lóṣù tó kọjá, Wòlíì fi pàṣán na àbúrò mi, Rẹ̀míláyọ̀, títí ojú òsì rẹ̀ fi fọ́. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀, ó fọ ẹsẹ̀ Rẹ̀míláyọ̀, ó sì ń sunkún kíkorò. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Á nà ọ́ tán, á bá ọ sunkún, ìwọ ni wàá tún máa tọrọ àforíjì. Ọlọ́pàá ti mú un báyìí, àmọ́ tí Rẹ̀míláyọ̀ kò bá jẹ́rìí, wọ́n á tú u sílẹ̀ lọ́jọ́bọ̀.

Rẹ̀míláyọ̀ kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun kò sọ àlá òun fún Wòlíì rí, síbẹ̀ Wòlíì kà á sí òun létí láìku ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kó tó na òun. Ó ní ta ló tó bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹjọ́?

Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún, nílé wa ní Ajah, níbi tá a ti ń ṣa ẹ̀wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kọ ọ́ sínú ìwé ìran tí Wòlíì máa ń kà, n kò sì sọ fún un. Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà.

Dókítà Rùkáyàt, tí ilé ẹjọ́ ní kó yẹ ọpọlọ Wòlíì wò, ránṣẹ́ pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀ ní àdúgbò VGC. Mo rò pé á sọ pé wèrè ni. Ó ní orí Wòlíì pé ju tèmi lọ. Ó ṣí ìwé ìran tí ọlọ́pàá kó fún un, ó sì fi àlá àwọn tí Wòlíì ti nà hàn mí. Ẹnì kan lálàá pé òun ń di ẹrù. Òmíràn rí iṣẹ́ sí ìlú òkèèrè. Rẹ̀míláyọ̀ rí ara rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi.

"Àwọn tó ń lálàá pé àwọn ń lọ nìkan ló ń nà," dókítà wí. Ó ní ìyá Wòlíì fi í sílẹ̀ létí òkun nígbà tó wà lọ́mọ ọdún méje, pé kó dúró de òun, kò sì padà wá.

Inú bí mi. Mo ní mélòó nínú wa ni ìyá kò já jù sílẹ̀, ojú ta la fọ́? Ó ní òun kò ní kí n dárí jì í, ohun tó ń ṣe é lòun ń sọ.

Mo lọ bá Rẹ̀míláyọ̀ ní ọsibítù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Mo sọ fún un pé kì í ṣe ẹ̀mí ló fi àlá rẹ̀ han Wòlíì, èmi ni. Mo tún sọ irú àlá tí Wòlíì ń torí rẹ̀ na ènìyàn. Ó bi mí pé:

"Àǹtí mi, ẹ̀yin náà ń lálàá. Kí ló dé tí Wòlíì ò nà yín rí?"

Ó wù mí kí n purọ́. Láti ọdún kejì tí mo ti wà níbẹ̀ ni mo ti ń lálàá pé mo ń sá lọ, n kò sì kọ ọ̀kan rí. Ohun tí dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, mo ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Mo sọ ọ́ fún un. Ojú tì mí débi pé n kò lè wo ojú kan tó kù.

Rẹ̀míláyọ̀ ní òun á lọ jẹ́rìí lọ́jọ́bọ̀. Ó ní ẹni méjì lòun máa dárúkọ.