Bàbá Ti Relé

"Òkìkíọlá, ta ló sọ fún ọ pé bàbá mi kú?"

Ohùn Àǹtí Naomi ò ga rárá lórí fóònù, ìyẹn gan-an ló ba Òkìkíọlá lẹ́rù. Inú ṣọ́ọ̀bù kékeré tó háyà ní Jùbílì, ní Ìkàrẹ́, ló jókòó sí, kọ̀ǹpútà wà níwájú rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá ènìyàn ti ka ìròyìn tó gbé sórí ìkànnì rẹ̀ ní wákàtí kan sẹ́yìn: ERIN WÓ NÍ Ọ̀KA, ẸDIMÁSÍTÀ ZACHARIAH ADÉBÍYÌÍ TI PAPÒDÀ. Ìpolówó búrẹ́dì wà lábẹ́ rẹ̀.

"Ẹ̀yin náà ni, Àǹtí. Mo pè yín láàárọ̀, ẹ ní Bàbá ti relé, ẹ ní ẹ dúpẹ́."

"Láti ọsibítù. Wọ́n ti relé láti ọsibítù. Iwájú mi ni wọ́n jókòó sí yìí, wọ́n ń mu ògì."

Ní ilẹ̀ wa, a kì í sábà là á mọ́lẹ̀ pé àgbàlagbà kú. Ó sùn, ó jáde láyé, ó relé. Àwọn ọmọ ìjọ a sì tún dúpẹ́ lé e. Kì í ṣe pé Òkìkíọlá ò gbọ́ Yorùbá, ó gbọ́ ọ jù ni. Ó mọ̀ pé Bàbá ti lo ọ̀sẹ̀ méjì lórí ibùsùn ọsibítù. Ó ti wá àwòrán wọn sílẹ̀, ó ti kọ ìtàn ayé wọn pamọ́, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù. Nínú kíláàsì orí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ti kọ́ iṣẹ́ yìí, wọ́n ní ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ìròyìn jáde ló ni òǹkàwé, ẹni tó bá sì ní òǹkàwé ni àwọn ọlọ́jà ń gbé ìpolówó fún. Kó tún pe Àǹtí Naomi lẹ́ẹ̀kejì, kó bi í léèrè dáadáa, ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Kò ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún.

Ó pa ìròyìn náà rẹ́, ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀: "Àṣìṣe kan wáyé nínú ìròyìn wa. Ẹ má bínú." Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀. Àwọn ènìyàn ti ń fi tàkọ́kọ́ ránṣẹ́ síra wọn lórí Wásáàpù, láti Ìkáràmù títí dé Ìsùà.

Ó sì ti dé inú ọkọ̀ tí Màmá Zipporah, ìyàwó Bàbá, wọ̀ bọ̀ láti Ìfira. Màmá lọ gbé iṣu wá lọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn, kí ọkọ wọn lè rí iyán jẹ tó bá dé láti ọsibítù. Fóònù wọn ti kú láti òwúrọ̀. Obìnrin kan lẹ́yìn wọn ló ka ìròyìn náà sókè fún gbogbo ọkọ̀, kò mọ ẹni tó wà níwájú òun. Màmá ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Wọn ò tíì dé Ìsùà tí Màmá fi ṣubú lé ẹni tó jókòó tì wọ́n, wọn ò sì sọ̀rọ̀ mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Bàbá ní kí wọ́n pe Òkìkíọlá wá sí ilé wọn ní Ìwàrò, ní Ọ̀ka. Àǹtí Naomi dí ẹnu ọ̀nà.

"Tó bá jẹ́ tèmi ni, ẹsẹ̀ rẹ ò ní tẹ ilé yìí."

Bàbá sọ̀rọ̀ kan láti inú yàrá, ní ìjìnlẹ̀ èdè Ọ̀ka. Naomi yà kúrò lọ́nà.

Àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni Bàbá jókòó sí, ibi tí wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ fa omi sí wọn lára ṣì wú lọ́wọ́. Iṣu Ìfira wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Òkìkíọlá kúnlẹ̀, ó ń sunkún.

"Èmi ni mo kọ́ ọ ní ìwé kíkọ, ní kíláàsì kẹrin," ni Bàbá wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ forí jì mí, sà."

"Mo ka èyí tí o kọ lẹ́yìn. Àṣìṣe wáyé. Àṣìṣe ò lẹ́sẹ̀ tó fi ń wá, Òkìkí. Ta ló ṣe é?"

Bàbá ò dúró gba ìdáhùn.

"Mú fóònù rẹ jáde. Àwọn kan ṣì ń pè síbí láti kí Zipporah kú ọ̀fọ̀ mi. Sọ fún wọn pé òun ni, kì í ṣe èmi."

Òkìkíọlá tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Bàbá ní kó kà á.

"Màmá wa, Zipporah Adébíyìí, ti relé..."

"Pa á rẹ́. Kọ ọ́ pé ó kú."

"Ó le létí, Bàbá."

"Èyí tó rọ̀ létí ló pa á."

Ó pa á rẹ́, ó kọ "kú". Ìka rẹ̀ dúró lórí fóònù. Ó mọ ohun tí ìlà tó kù yóò fà. Oníbúrẹ́dì yóò lọ, ẹni tó ń ta ọ̀dà yóò lọ, orúkọ tó fi ọdún mẹ́fà kọ́ yóò bàjẹ́ ní ọjọ́ kan. Ó kọ ọ́: "Irọ́ ni mo kọ nípa ọkọ wọn. Irọ́ náà ni wọ́n gbọ́ nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi kú. Èmi, Òkìkíọlá Láwàl, ni mo kọ ọ́." Ó gbé e jáde.

Kò pẹ́ tí fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún, ó ń dún léraléra.

"Kí ni wọ́n ń sọ?" Bàbá bèèrè.

"Èpè ni, sà."

"Kà á sókè. Bí wọ́n ṣe ka tìrẹ sí ìyàwó mi létí."

Naomi ti wọlé, ó fara ti ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣu. Òkìkíọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, ó fi orúnkún sún mọ́ àga Bàbá, ó sì bẹ̀rẹ̀ láti orí èkíní.