Orí Àgbò Tí Kò Wúwo Tó

Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni obìnrin náà gbé idẹ kékeré yẹn sórí òṣùwọ̀n, nígbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì jẹ́ gíráàmù mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Méjìdínlógójì ló wà nínú ìwé. Idẹ kì í sì í gbẹ bí ẹja.

Iṣẹ́ rẹ̀ nílé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ni kó máa tọ́jú àwọn nǹkan àtijọ́, kó sì máa dì wọ́n bí wọ́n bá ń lọ ìrìn àjò. Eléyìí jẹ́ orí àgbò tí kò ju àtàǹpàkò lọ, tí àwọn ará àtijọ́ dà láti fi kọ́ sọ́rùn. Aago méjì ọ̀sán ni àwọn àlejò ń bọ̀ wá gbé e lọ síbi àfihàn. Aago mọ́kànlá ti kọjá. Ó yí i padà lábẹ́ awò tó ń mú nǹkan tóbi, ó rí ibi tí wọ́n fi irin ha lẹ́yìn etí rẹ̀, tó ṣì ń dán bí idẹ tuntun. Ayédèrú ni.

Ènìyàn mẹ́ta péré ló ní kọ́kọ́rọ́ àpótí tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí: òun, ọ̀gá àgbà tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta tó dé, àti àbúrò ìyá obìnrin náà, tí gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Ọwọ́-Òwú nítorí pé nǹkan kì í fọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àbúrò ìyá yìí ló mú un wọṣẹ́, òun náà ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ohun ẹlẹgẹ́ mú.

Ó bá ọkùnrin náà ní yàrá ẹ̀yìn, níbi tó ti ń lẹ nọ́ńbà mọ́ páálí.

"Ṣé o ti dì í tán, ìyá mi?"

Ó gbé idẹ náà kalẹ̀ níwájú rẹ̀. "Gíráàmù méje ti kúrò lára ẹ̀, Bàbá."

"Òṣùwọ̀n yẹn ti gbó."

"Mo ti dán an wò. Kò sí ohun tó ṣe é."

Ọkùnrin náà bọ́ awò ojú rẹ̀. Kò fọwọ́ kan idẹ. "Ta lo ti sọ fún?"

"Ẹ̀yin nìkan."

"Dì í, kí wọ́n máa gbé e lọ. Ta ló máa wọ̀n ọ́n?"

Ọ̀rọ̀ náà gún un láyà. Ó bi í léèrè ohun tí kò fẹ́ bi í: "Bàbá, ṣé ẹ tà á ni?"

Ó dìde bí ẹni tí àkeekèé ta. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, ó fa agolo kan jáde. Orí àgbò gidi wà nínú òwú, ìwo rẹ̀ kan ti kán, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọdún mọ́kànlá rèé. Mò ń nu ún, ó já bọ́ sórí símẹ́ǹtì. Ọ̀gá ìgbà náà ṣẹ̀ṣẹ̀ lé ẹnì kan nítorí ìkòkò tó fọ́. Ẹ̀rù bà mí, mo da òmíràn." Ó rẹ́rìn-ín tí kò dénú. "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Tèmi ò tiẹ̀ pé ogún." Ohùn rẹ̀ wálẹ̀. "Oṣù tó ń bọ̀ ni mo máa fẹ̀yìntì. Jẹ́ kí n fi iyì lọ."

Àánú rẹ̀ ṣe obìnrin náà, inú sì ń bí i. "Bí mo bá dì í, irọ́ ti di tàwa méjèèjì nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká lọ bá ọ̀gá àgbà. Mà á bá yín gòkè."

Aago méjìlá ti kọjá kí ọkùnrin náà tó gbé agolo náà dání, kó sì tẹ̀ lé e.

Ọ̀gá àgbà wo inú agolo títí. "Ta ló bà á jẹ́?"

"Èmi ni," ni Ọwọ́-Òwú wí. "Òní lọmọ yìí mọ̀."

Nígbà tí àwọn àlejò dé, òtítọ́ ni wọ́n bá. Ọwọ́ òfo ni wọ́n mú lọ. Ọ̀gá àgbà ní kí Ọwọ́-Òwú máa lọ sílé lọ́jọ́ náà gan-an, láìsí ìdágbére.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá obìnrin náà ò fi bá a sọ̀rọ̀. Ohun kan ṣoṣo tó sọ ni, "Ẹni tó mú ọ wọṣẹ́ lo lé jáde." Ọwọ́-Òwú fúnra rẹ̀ ló wá bá wọn lọ́jọ́ ìsinmi kan.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fọmọ yìí sílẹ̀," ló wí. "Ọdún mọ́kànlá ni mi ò fi lè wo ojú ẹni tó bá ń yìn mí." Ó wá yíjú sí ọmọ náà. "Ìwo tí ò ń lẹ̀ mọ́ orí àgbò yẹn, ṣé ó ti ń mú?"

"Ó ti ń mú, Bàbá. Àmọ́ ó wọ́ díẹ̀."

"Fara balẹ̀ sí i."

Ìyá dìde, ó lọ bu omi wá fún àwọn méjèèjì.