Bí Man-ho Ṣe Ń Gé Koríko Orí Sàréè Bàbá Rẹ̀

Ní gbogbo ìlú Daegu ní Korea, tí ẹ bá ń wá ẹni tó mọ bó ṣe yẹ kí ọmọ bọ̀wọ̀ fún òbí, ẹ má wulẹ̀ lọ jìnnà. Pyo Man-ho ni kí ẹ béèrè. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ẹ̀kọ́ ìwà, ó sì fẹ̀yìn tì nípò igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé. Ipò ọ̀gá gan-an kò bọ́ sí i lọ́wọ́, ẹni tó bá sì fẹ́ràn àlàáfíà kì í béèrè ìdí rẹ̀. Bó bá rí ọmọdé tó fi ọwọ́ kan ṣoṣo gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà nínú ọkọ̀, ó lè wàásù láti ibi tí ọkọ̀ ti gbéra títí dé ibi tó ti ń ṣẹ́rí padà.

Ṣùgbọ́n àbúrò kan ṣoṣo tí ìyá rẹ̀ bí lé e, Man-seok, tó ń tún ẹ̀rọ oko ṣe ní Andong, kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́. Ọdún kẹsàn-án rèé. Ẹja ló dá ìjà sílẹ̀. Lọ́jọ́ ìrántí ọdún kẹta tí bàbá wọn kú, tí gbogbo ìdílé pé, Man-seok gbé oúnjẹ síwájú àwòrán bàbá, ó sì kọ orí ẹja sí ìwọ̀-oòrùn. Ìlà-oòrùn ni orí ẹja máa ń kọ sí. Ọmọ ọdún márùn-ún mọ̀ ọ́n. Man-ho kò lè na ọwọ́ yí i padà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó pariwo lójú àwọn àna àti àwọn àbúrò bàbá: "Ta ló kọ́ ìwọ yìí nílé?"

Man-seok kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀, ó ní: "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ibi tí orí ẹja ń kọ sí, oṣù méje tí Bàbá fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, ibo ni orí tiyín kọ sí?"

Ó bá wọ bàtà, ó bá tirẹ̀ lọ. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ ni, ìdí nìyẹn tó fi dun Man-ho wọ egungun. Oṣù méje yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì péré ló yọjú, ó gbé apẹ̀rẹ̀ èso dání, ó ya fọ́tò, ó ní ìpàdé wà nílé-ìwé.

Ohun kan ṣoṣo ló fi ń tu ara rẹ̀ nínú láti ìgbà náà, ìyẹn sàréè. Lọ́dọọdún, bí ọdún ìkórè tí wọ́n ń pè ní Chuseok bá ku ọ̀sẹ̀ méjì, tí gbogbo ará Korea ń lọ gé koríko orí sàréè àwọn òbí wọn, Man-ho a gbé ẹ̀rọ agékoríko, a wa ọkọ̀ lọ sórí òkè tó wà lẹ́yìn abúlé wọn ní Yecheon. Lọ́dọọdún, ó ń bá koríko tó dé e níbàdí. Àmì pé Man-seok kò fẹsẹ̀ kan ibẹ̀ rí nìyẹn. Inú rẹ̀ a bà jẹ́, ara rẹ̀ a sì yá gágá nígbà kan náà. A gé e mọ́lẹ̀ féfé, a da ọtí, a foríbalẹ̀, a sì ya fọ́tò ránṣẹ́ sí àwọn ìdílé lórí fóònù: "Bàbá, ọmọ yín àgbà ti dé o." Àwọn Pyo méjìléláàádọ́rin a máa fi àwòrán òdòdó dá a lóhùn. Man-seok ti jáde nínú ẹgbẹ́ orí fóònù náà láti ọjọ́ ẹja.

Nígbà tó di ọdún yìí, ìyá wọn pè é. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó gun òkè mọ́, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ṣì ń gun ibi tó bá wù ú.

"Man-ho, mo ti sọ fún alága abúlé. Bí mo bá kú, kí wọ́n sun mí, kí wọ́n da eérú mi sókun ní Pohang."

"Màmá! Òkun kẹ̀? Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn ìdílé?"

"Sọ fún wọn pé mo fẹ́ràn ẹja."

"Ẹ jọ̀ọ́, Màmá. Ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni àyè yín wà."

"Mi ò sùn níbẹ̀. Kí ọ̀kan máa wá ní Sátidé, kí ìkejì máa wá ní Sọ́ńdè, bí ológbò àti èkúté? Ayé kò jẹ́ kí n sinmi, ẹ tún fẹ́ bá mi dé ibojì? Ẹ jọ lọ gé koríko yẹn lọ́jọ́ kan náà. Ẹ pè mí láti orí òkè. Bí mi ò bá gbọ́ ohùn ẹ̀yin méjèèjì, òkun ni."

Ó pa fóònù. Ìtìjú ìdílé ni Man-ho kọ́kọ́ rò, nítorí kí ìyá àkọ́bí sá lọ sínú òkun dípò kó sùn ti ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tí àwọn Pyo méjìléláàádọ́rin yóò máa jẹ lẹ́nu bí gúgúrú ni. Lẹ́yìn náà ló rò ó pé òun kò ní rí ibì kankan tí òun yóò kúnlẹ̀ sí fún ìyá òun. Èyí gún un lọ́kàn débi pé kò lè jẹun alẹ́. Ó kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí Man-seok: Sátidé, aago mẹ́sàn-án. Èsì tó gbà ni: Ó dáa.

Man-ho ló kọ́kọ́ dé. Ó gba ojú ọ̀nà tuntun tí ìjọba là sí ẹ̀gbẹ́ òkè náà lọ́dún tí wọ́n jà. Ó dé ìdí igi páìnì tó tẹ̀, ó ka òkìtì sàréè lọ́kọ̀ọ̀kan, èkíní, èkejì, ẹ̀kẹta, ó dúró. Òkúta kankan kò sí níbẹ̀, nítorí bàbá wọn ti sọ kó tó kú pé òun kò fẹ́ kí wọ́n gbé ẹrù lé òun láyà. Koríko dé e níbàdí bó ti máa ń ṣe. Ó ti gé e dé ìdajì nígbà tí Man-seok yọ, tó fi ẹ̀rọ tirẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, irun rẹ̀ ti funfun. Man-ho wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Àbúrò òun ti darúgbó, òun kò sì sí níbẹ̀ nígbà tó ń darúgbó.

"Igbákejì, ẹ kú iṣẹ́," ni Man-seok wí, ó sì kọjá lọ sókè.

Man-ho pa ẹ̀rọ. "Níbo lò ń lọ?"

"Ọ̀dọ̀ Bàbá."

"Bàbá rèé níbí!"

Man-seok padà. Ó wo òkìtì náà, ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó tún wo òkìtì náà. "Ta ló sọ fún yín?"

"Igi páìnì tó tẹ̀, òkìtì kẹta!"

"Igi wo ni kò tẹ̀ lórí òkè yìí? Ọ̀nà tá a máa ń gbà tẹ́lẹ̀ ló ní igi yẹn. Òkè lọ́hùn-ún ni. Èmi ni mo fi ṣọ́bìrì ko iyẹ̀pẹ̀ lé wọn lórí, báwo ni mo ṣe máa gbàgbé?"

"Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń gé e! Ìwọ ni o kò wá rí, koríko ń dé mi níbàdí!"

"Èmi náà, níbàdí ló ń dé mi! Mo máa ń sọ ọ́ fún Bàbá pé, ẹ wò ó, ọmọ yín tó mọ ìwé, kò ní dòjé nílé."

Wọ́n wo ara wọn. Man-ho ti ya ẹnu láti sọ pé ẹni tó kọ́ni fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n kì í ṣi òkìtì kà, ni obìnrin kan bá yọ láti ìsàlẹ̀, ó dé fìlà oòrùn, ó wọ ṣòkòtò olódòdó, dòjé wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rí Man-ho, ó fi dòjé tọ́ka sí i.

"Ọwọ́ bà ọ́ lónìí! Ọmọ àlè!"

Yéè! Igbákejì ọ̀gá ilé-ìwé! Olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìwà!

"Ìyáàfin, ẹ ṣọ́ ẹnu yín o," ni Man-ho wí.

"Ẹnu ta ni kí n ṣọ́? Ma Jeom-rye ni orúkọ mi, bàbá mi lo tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn! Ọdún mẹ́sàn-án, a ó dé ní Sọ́ńdè, a ó bá a pé wọ́n ti gé e, wọ́n ti da ọtí, wọ́n ti gbé èso sí i. Ta ló lè ṣe bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe ọmọ? Ìyá mi ní bàbá mi bímọ síta. Láti ìgbà náà, kò gbé abọ́ ọbẹ̀ síwájú àwòrán rẹ̀ mọ́. Àádọ́ta ọdún tí wọ́n fi jọ gbé, ìwọ lo fi koríko gbígé bà á jẹ́!"

Ọ̀nà méjì ni Man-ho rí. Bó bá ní òun kì í ṣe ọmọ àlè, ó di dandan kó sọ pé ọ̀dẹ̀ ni òun, tó ń foríbalẹ̀ fún bàbá oníbàbá fún ọdún mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ará, ẹ má bínú sí i, ó rò ó wò díẹ̀ bóyá kí òun kúkú jẹ́ ọmọ àlè náà.

Man-seok ló bọ́ síwájú. Ó tẹrí ba fún obìnrin náà. "Ìyáàfin, ẹ dákun. Bàbá wa àti bàbá yín jọ ṣọ̀rẹ́ nígbà èwe ni. Bàbá wa ló sọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ẹ̀gbọ́n mi máa tọ́jú sàréè yìí."

Ẹ̀gbọ́n mi! Ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí etí Man-ho ti gbọ́ ọ kẹ́yìn. Irọ́ funfun báláú ni àbúrò rẹ̀ ń pa láti bò ó láṣìírí.

"Irọ́ ni!" ni Jeom-rye wí. "Ṣé ẹ rò pé mi ò ṣọ́ ọ ni? Lọ́dún tó kọjá, Sátidé ni mo wá, mo sá pamọ́ sẹ́yìn igi yẹn. Mo gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó dojú bolẹ̀, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́. Ó ní, 'Bàbá, ẹ dárí jì mí tí n kò wá sí ọsibítù. Kì í ṣe ìpàdé. Ẹ̀rù ló bà mí láti rí yín bẹ́ẹ̀ yẹn. Man-seok ló nu ìgbẹ́ yín, èmi kò nu ẹ̀ẹ̀kan. Bí mo bá sì rí i, ojú ń tì mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń pariwo mọ́ ọn.' Ṣé ohun tí ọ̀rẹ́ bàbá ń sọ nìyẹn? Ta ni Man-seok ọ̀hún gan-an?"

Man-seok fi ẹ̀yìn sí wọn, ó ń wo ìsàlẹ̀ òkè bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Man-ho lè fara pamọ́ sábẹ́ irọ́ yẹn síbẹ̀. Ọ̀nà ṣì wà. Ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀ sínú koríko.

"Ìyáàfin, mo ṣìnà ni. Bàbá mi wà lókè lọ́hùn-ún. Tiyín ni mo ń gé, tiyín ni mo ń bẹ̀. Bàbá yín kò bímọ síta. Ọ̀dẹ̀ kan ló ń sunkún lé wọn lórí. Man-seok tí mo wí, òun rèé. Àbúrò mi ni."

Jeom-rye ju dòjé sílẹ̀, ó jókòó pẹ̀rẹ̀ẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. "Áà, Bàbá, a ti fi ebi pa yín lásán." Nígbà tó nu ojú tán, ó ní: "Ìwọ alágbà, ìyá mi ń pé àádọ́rùn-ún lóṣù tó ń bọ̀. Ẹnu rẹ ni wàá fi wá sọ ọ́ fún un."

"Màá wá," ni Man-ho wí. Ẹni tí kò gba ẹ̀bi ní ilé-ìwé fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n fẹ́ lọ ṣàlàyé nílé onílé pé òun kì í ṣe ọmọ àlè.

Ó gé èyí tó kù fún obìnrin náà tán, lẹ́yìn náà ló tẹ̀lé Man-seok gòkè. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí koríko ti dé ìbàdí àwọn méjèèjì, Man-seok sọ ẹ̀rọ kalẹ̀.

"Ibí ni wọ́n wà. Ẹ tún un sọ fún wọn. Wọn ò tíì gbọ́."

Man-ho foríbalẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ń tú jáde bí omi nídìí sàréè bàbá oníbàbá, kò wá mọ́. "Bàbá," ló lè sọ. Man-seok wólẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, èjìká wọn kan ara wọn, ó ní, "Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ti dé. Ọ̀nà ló jìn." Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún.

Man-ho ló pe ìyá wọn. Ó sọ gbogbo rẹ̀, kò yọ ọ̀kan sílẹ̀.

"Ọdún mẹ́sàn-án?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Bàbá oníbàbá yẹn mà gbádùn o!" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbà á. "Man-seok dà?"

"Mo wà níbí, Màmá."

Wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Lẹ́yìn náà ló ní: "Ẹ gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún bàbá yín pẹ̀lú. Kẹ́ ẹ fẹ̀ ẹ́ dáadáa o. Ara mi tóbi, ẹ̀yin náà mọ̀."

Man-ho kò jẹ́ kí àbúrò rẹ̀ bá a ṣe é. Ó fa okùn ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà, ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí kò tíì sí nǹkan lórí rẹ̀. Ó gé e lọ, ó gé e bọ̀, gígùn ènìyàn kan. Ìgbà tó gé ilẹ̀ náà mọ́ tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e pé àyè sàréè ìyá òun ni òun ń gé. Ó pa ẹ̀rọ.

"Man-seok."

"Ẹ̀gbọ́n mi."

"Bí Màmá bá dùbúlẹ̀ àìsàn, pè mí. Tí mo bá ní mo ní ìpàdé, má gbà fún mi. Ẹ̀rù ni. Wá fà mí lọ́wọ́."

Man-seok gba ẹ̀rọ lọ́wọ́ rẹ̀. "Mi ò ní fà yín," ló wí. "Màá wọ́ yín nílẹ̀ lọ ni."